Ọjọ́ Mẹ́ta Nínú Ìtàn Ìjọ Wa

Bí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ funfun ni yóò máa kún ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Sùtánà ni wọ́n wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn, ẹlòmíràn pọn ọmọ, ẹlòmíràn ru ẹní àti kúlà omi. Àwọn ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Sẹ́lẹ́, ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ti Nàìjíríà, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ń kọrí sí fún ìsìn òru Kérésì, níbi tí wọ́n sin olùdásílẹ̀ ìjọ sí ní 1985. Àwọn ti ìhà Benin, etíkun Sẹ̀mẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń pé jọ sí, tí a bá ti kọjá bọ́dà, lórí yanrìn, tí ìgbì òkun ń bá wọn gberin. Àwa tí ilé wa wà lẹ́nu bọ́dà, àlọ àti àbọ̀ gbogbo wọn lójú wa ni.

Inú ilé tí ìyá ti jẹ́ Sẹ́lẹ́, tí bàbá sì jẹ́ ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, ni mo dàgbà sí. Ìyá mi ló máa ń sọ ìtàn Bàbá Oshoffa fún wa. Káfíńtà ni Samuel Bilewu Joseph Oshoffa, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì bíi bàbá yín (ìyá mi a wo bàbá mi bó bá dé ibẹ̀), ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sínú igbó láti wá igi ẹ́bónì. Ní 23 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, bó ti ń gbàdúrà níbẹ̀, ọ̀sán dòru, ó gbọ́ ohùn kan tó ní "Lúlì", a sì sọ fún un pé oore-ọ̀fẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló lò nínú igbó kó tó padà wálé. Nígbà tó di 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, iṣẹ́ tí a fẹ́ rán an dé, ìjọ sì bẹ̀rẹ̀.

Mo ti lé lọ́mọ ogún ọdún kí n tó rí ìwé àwọn onímọ̀ ojú sánmà. Wọ́n to gbogbo ìgbà tí òṣùpá ti bo oòrùn lójú sílẹ̀, ti àtẹ̀yìnwá àti ti ọjọ́ iwájú. Wọ́n lè ṣe é nítorí pé ìrìn òṣùpá kì í yẹ̀: oòrùn kì í ṣú bẹ́ẹ̀ àfi lọ́jọ́ tí oṣù kan parí tí òmíràn fẹ́ lé, tí òṣùpá bọ́ sí agbedeméjì àwa àti oòrùn. Mo wá ọdún 1947. Ó wà níbẹ̀. Òkùnkùn náà la Gúúsù Amẹ́ríkà kọjá, ó sọdá òkun, ó gba Làìbéríà, Ivory Coast, Gold Coast, Tógò, Dàhọ̀mì àti Nàìjíríà. Oṣù Karùn-ún ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 20 ni wọ́n kọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ 23 tí ìyá mi ń kà fún wa, ọjọ́ Ẹtì ni.

Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn á rẹ́rìn-ín, á ní kí ló kàn án. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé àṣìṣe kankan kì í wọ ohun mímọ́ mọ bí ọjọ́ mẹ́ta ṣe lè gba oorun lójú ẹni. Mo gbé e tọ olórí kan lọ nínú ìjọ. Ó wò mí títí, ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ kì í lo kàlẹ́ńdà, ó sì ní kí n lọ gbààwẹ̀. Mo gbé e bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta káàdì fóònù lẹ́nu bọ́dà. Òun ní bí wọ́n bá ti lè parọ́ ọjọ́, irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì ti pa ìjọ tì kí n tó délé. Àwọn méjèèjì ló kánjú. Ọ̀kan ti ilẹ̀kùn, èkejì dáná sun ilé, kò sẹ́ni tó jókòó wo ọjọ́ mẹ́ta náà fúnra rẹ̀ nínú wọn.

Bí a bá jókòó wò ó, kí ni a óò rí? Ká ní ẹnì kan ló hun ìtàn yìí lófìfo lẹ́yìn ogún ọdún, báwo ni yóò ṣe bọ́ sí oṣù tí òkùnkùn ṣú gan-an, ní ọdún tó ṣú gan-an, lórí ilẹ̀ tó ṣú sí? Oòrùn tó ń ṣú lọ́sàn-án kì í ṣe ohun tí ìlú kan ń rí lọ́dọọdún. Ẹni tó sọ ìtàn yìí rí nǹkan. Iye ọjọ́ ló bọ́ lọ́wọ́ ìtàn, ta ni kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú igbó, fún oṣù mẹ́ta, láìsí ẹni tí yóò bi pé òní jẹ́ mélòó oṣù? Ìwádìí gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi, ó sì fi ẹlẹ́rìí kan dípò. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ náà nìyẹn. Ìwé ojú sánmà kò gbọ́ "Lúlì". Bóyá ọ̀run ni ohùn náà ti wá tàbí ibòmíràn, ìṣirò òṣùpá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

Àwọn ará wa tí ń pẹja mọ irú iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ni wọ́n ń ṣe é sí. Bí òkun bá ń jẹ yanrìn bọ̀, tó kù díẹ̀ kó kan ilé oparun, wọn kì í dúró kí ìgbì wá gbé e. Wọ́n á tú imọ̀ ọ̀pẹ orí rẹ̀, wọ́n á fa òpó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi èékánná tẹ ìdí rẹ̀ wò. Èyí tí ikán ti jẹ di igi ìdáná. Èyí tó le, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ lókè ọ̀hún, níbi tí omi kò dé. Ilé tí wọ́n bá sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà, ilé àná kọ́, ilé tuntun sì kọ́. Èékánná yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé, bí a ṣe ń fi tẹ òpó ìgbàgbọ́ wò. Mo sì fẹ́ sọ ìdí tí kò fi yẹ kó máa ba Kristẹni ilẹ̀ yìí lẹ́rù: àwọn tó gbé Ìwé náà wá bá wa, irú iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n fi ayé wọn ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a mú òkùnkùn kejì. Mátíù, Máàkù àti Lúùkù sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, òkùnkùn ṣú láti wákàtí kẹfà títí di wákàtí kẹsàn-án. Àsìkò Ìrékọjá ni, Ìrékọjá sì máa ń bọ́ sí àárín oṣù, nígbà tí òṣùpá bá yọ kíkún. Ẹni tó bá rántí òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: òṣùpá tó yọ kíkún, ẹ̀yìn wa ló wà nígbà tí oòrùn wà níwájú, kò sí bí yóò ṣe bò ó. Ta ló kọ́kọ́ tọ́ka sí i? Mo rò pé aláìgbàgbọ́ òde òní kan ni, àfi ìgbà tí mo kà á pé Julius Africanus ni, Kristẹni pọ́ńbélé, ní ọ̀rúndún kẹta. Òpìtàn kan tó ń jẹ́ Thallus ti sọ pé òṣùpá ló kàn bo oòrùn lọ́jọ́ náà, Africanus sì dáhùn pé kò bọ́gbọ́n mu, nítorí òṣùpá Ìrékọjá.

Kí wá ni òkùnkùn náà? Nínú ìwé Ámósì orí 8, wòlíì náà sọ ọ́ pé Ọlọ́run yóò mú oòrùn wọ̀ lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ ìdájọ́. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kọ Ìhìnrere máa fi èdè Ámósì ṣọ̀fọ̀. Àwa náà, bí ènìyàn ńlá bá kú, a ní erin wó, kò sì sẹ́ni tó ń pọ́n ọ̀bẹ lọ síbẹ̀ láti gé ẹran. Ó sì ṣeé ṣe kí òkùnkùn mìíràn ṣú, tí kò ní òṣùpá nínú. Èmi tẹ̀ sí ti erin. Ohun tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń tú òpó wò ni kó bi ìwé kọ̀ọ̀kan léèrè irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́: ṣé oríkì ni, ṣé òfin ni, ṣé àlọ́ ni, ṣé lẹ́tà ni? A kì í bi oríkì ní ìbéèrè tí a ń bi ìwé ilé ẹjọ́.

Africanus yìí kan náà kọ lẹ́tà sí Origen, ọ̀mọ̀wé ńlá ará Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì, lórí ìtàn Sùsánà. Àgbààgbà méjì purọ́ mọ́ obìnrin kan pé àwọn ká a mọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin lábẹ́ igi. Dáníẹ́lì yà wọ́n sọ́tọ̀, ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé igi wo ni. Orúkọ igi tí oníkálukú dá, bẹ́ẹ̀ ni Dáníẹ́lì ṣe fi í dárà, ó fi orúkọ igi pe ìyà tó ń bọ̀ lórí wọn. Africanus ní ọ̀rọ̀ àdárà yẹn kò dún àfi ní èdè Gíríìkì, báwo wá ni Dáníẹ́lì tó jẹ́ Hébérù ṣe sọ ọ́? Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti túmọ̀ àwàdà Yorùbá fún aṣọ́bodè tó ń sọ Faransé ní Kraké á mọ ohun tí Africanus ń sọ. Origen kò gbà fún un, ó sì kọ èsì gígùn gbọọrọ láti gbèjà ìtàn náà. Síbẹ̀, inú ìjọ ni àwọn méjèèjì wà.

Ó dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé Sùsánà kò sí nínú Bíbélì bàbá mi rárá. Ìwé 66 ni Bíbélì Mẹ́tọ́díìsì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá lọ sí Àjàṣẹ́, tí mo sì ń wọ ilé àwọn ìyekan wa tó jẹ́ ìjọ Àgùdà, mo rí i pé 73 ni tiwọn, Sùsánà sì wà ní ìparí ìwé Dáníẹ́lì. Kò sí aṣọ́bodè tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ìwé méje ló lé nínú ẹrù mi nígbà tí mo ń bọ̀. Ẹni tó bá ní "Bíbélì wí bẹ́ẹ̀", ó yẹ ká lè bi í pé Bíbélì ti ta ni, kó má sì bínú.

Àgbádárìgì kò jìnnà sí wa, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́ èyí tó jinlẹ̀ jù. Àwọn tó bá wá wo ìlú máa ń ya àwòrán ní ibi tí igi Àgíyà wà kó tó wó ní 1959, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Kérésì ní 1842, nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé. Wọ́n á lọ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn àlùfáà CMS kọ́, tí ó parí ní 1845. Èmi, ọ̀rọ̀ tó jáde nínú ilé yẹn ló wù mí ju pákó rẹ̀ lọ. Oṣù Kìíní 1845 ni Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú Townsend àti Gollmer. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí ibẹ̀ tó ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà sì dí. Bí ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sí Àgbádárìgì. Ìwé Róòmù tí Crowther túmọ̀ jáde ní Yorùbá ní 1850, odindi Bíbélì sì jáde láàárín àwọn ọdún 1880.

Ẹni tó bá ń túmọ̀ ìwé kò lè ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé. Ẹni tó ń kà lè fò ó. Atúmọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó ní kí lèyí gan-an, kó sì yan ọ̀kan, kó jù mẹ́ta nù. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí Kristẹni Yorùbá kò lè gbé ọjọ́ kan láìlò: àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù. Ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí ni gbogbo wọn ti wá, láti apá òkè ọya, kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀. Crowther bá wọn lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì lò wọ́n. Nítorí náà, wòlíì Sẹ́lẹ́ tó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ti gba ẹnu Ìmàle kọjá. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń wàásù lórí ìwà mímọ́ tí kò dàpọ̀ mọ́ nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò pani lẹ́rìn-ín. Crowther nílò orúkọ fún ọ̀tá Ọlọ́run tó wà nínú Májẹ̀mú Titun, ó sì mú Èṣù. Ní ìhà tiwa níbí, ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn Ègùn: Lẹ́gbà ni wọ́n sọ di Sátánì nínú èdè wọn. Èṣù tí àwọn babańlá mọ̀, ìránṣẹ́ ni láàárín ọ̀run àti ayé, òun ló ń gbé ẹbọ lọ, òun ló ń yẹ ìwà ènìyàn wò, ó le, ó sì ń dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Ẹni tó sọ èyí ketekete kì í ṣe babaláwo. Bọ́lájí Ìdòwú ni, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì tó wá di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tó jáde ní 1962.

Bí a bá wá lọ wo èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ á tún bọ́ sí ibòmíràn. Sátánì jẹ́ iṣẹ́ níbẹ̀ kó tó di orúkọ: alátakò, ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni. Ní Númérì orí 22, áńgẹ́lì Olúwa fúnra rẹ̀ ló dúró lójú ọ̀nà ní sátánì fún Báláámù tó gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ tún gbé 2 Sámúẹ́lì orí 24 sí ẹ̀gbẹ́ 1 Kíróníkà orí 21, kí ẹ kà wọ́n papọ̀. Ìtàn kan náà ni, Dáfídì ń ka iye ènìyàn. Ta ló ti í sí i? Ìwé kìíní ní Olúwa ni. Ìwé kejì ní Sátánì ni. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìwé kejì kẹ́yìn gan-an, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti Bábílónì dé ni wọ́n kọ ọ́. Láàárín ìwé méjèèjì, àwọn ènìyàn náà ti ronú sí i, wọn kò fẹ́ fi ibi sí Ọlọ́run lọ́rùn mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, àyà mi já. Lẹ́yìn náà ló yé mi pé àwọn tó to Bíbélì jọ rí ìyàtọ̀ yìí kí n tó rí i, wọ́n sì fi ìwé méjèèjì síbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù, Máàkù orí 16 ni. Ẹ̀dà méjì tó lọ́jọ́ lórí jù lára àwọn tó ní odindi Ìhìnrere Máàkù, èyí tí wọ́n ń pè ní Sinaiticus àti Vaticanus, ti ọ̀rúndún kẹrin, ẹsẹ 8 ni wọ́n parí sí: àwọn obìnrin sá kúrò ní ibojì, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó tán. Ẹsẹ 9 sí 20 kò sí níbẹ̀, àwọn Bíbélì tuntun mìíràn sì máa ń fi àkámọ́ tàbí àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé sí i. Kí ló wà nínú ẹsẹ wọ̀nyẹn? Lílé ẹ̀mí àìmọ́ jáde, fífi èdè titun sọ̀rọ̀, gbígbé ọwọ́ lé aláìsàn. Ìjọ aládùúrà wo ló lè dúró láìsí i? Inú ìjọ tí wọ́n ti gbé ọwọ́ lé mi nígbà tí ibà fẹ́ pa mí ni mo ti jáde wá, n kò lè ka àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé yẹn bí ẹni tó ń ka ìròyìn.

Ibí ni mo ti kọ́ pé ìwọ̀n ṣe kókó. Lóòótọ́, ó jọ pé ọwọ́ mìíràn ló fi ìparí yẹn kún ìwé Máàkù. Ṣùgbọ́n Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìgbàanì kan, ti fa ọ̀rọ̀ yọ láti inú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 180, nítorí náà ó ti pẹ́ gan-an, ó ju ẹ̀dà méjèèjì yẹn lọ. Gbígbàdúrà fún aláìsàn pẹ̀lú òróró sì wà nínú Jákọ́bù orí 5, tí ẹnikẹ́ni kò fi àkámọ́ sí. Òpó ìwòsàn kò wó. Èyí tó wó ni gbígbé ejò àti mímu májèlé, èmi kò sì sunkún rẹ̀.

Lójú omi ní Àgbádárìgì, ní Gbẹ̀rẹ̀fú, ọ̀nà kan wà tó lọ sí ibi tí àwọn ẹrú ti ń wọ ọkọ̀ tí wọn kò sì padà mọ́. Kò sí Kristẹni tó lè rin ọ̀nà yẹn tí kò ní bi Ìwé rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ fún wa rí pé Hámù ni a fi bú, pé ìdí nìyẹn tí dúdú fi ń sìnrú. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 9. Kénáánì ni Nóà fi bú, kò fi Hámù bú, kò sì sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara kankan níbẹ̀. Ẹ wá ṣí Ẹ́kísódù orí 21: ẹsẹ 16 ní ikú ni fún ẹni tó jí ènìyàn gbé tó sì tà á, ẹsẹ 20 àti 21 sì ń ṣòfin lórí ẹni tó na ẹrú rẹ̀, ó sì pe ẹrú náà ní owó olówó rẹ̀. Orí kan náà! Ẹni tó bá ní kò sí ìṣòro níbẹ̀ kò kà á. Ní 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú erékùṣù West Indies, wọ́n sì yọ ìtàn bí Ísírẹ́lì ṣe jáde kúrò lóko ẹrú Íjíbítì kúrò nínú rẹ̀. Àwọn amúnisìn pẹ̀lú mọ̀ pé ìwé náà ń bá ara rẹ̀ jiyàn, wọ́n sì mọ apá tó yẹ kí àwọn bẹ̀rù.

Crowther fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí. Wọ́n mú un ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ìwé Róòmù tó kọ́kọ́ mú jáde, ẹsẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti pe ara rẹ̀ ní ohun kan tí Bíbélì wa túmọ̀ sí "ìránṣẹ́". Ní Gíríìkì, ẹrú ni. Ẹ lọ ka ẹsẹ yẹn ní Àgbádárìgì, kí ẹ fi "ẹrú" sí i, kí ẹ wo bí ẹnu yín yóò ti rí.

Wọ́n máa ń sọ pé irú ìbéèrè báyìí, àwọn òyìnbó ló kó o wá. Ní Gúúsù Áfíríkà, William Ngidi, ọmọ Súlú tó ń bá Bíṣọ́ọ̀bù Colenso túmọ̀ Bíbélì, ló bi bíṣọ́ọ̀bù náà pé ṣé òótọ́ ni gbogbo ìtàn ìkún omi yìí. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò lè purọ́ fún un. Ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1862 lórí ọ̀rọ̀ náà da gbogbo ìjọ Áńgílíkà rú. Lọ́dọ̀ tiwa, David Brown Vincent wà lára àwọn tó dá Native Baptist Church sílẹ̀ ní Èkó ní 1888. Ní 1894, ó fi orúkọ yẹn sílẹ̀, ó di Mọ́jọlá Agbébi, ó sì pa kóòtù òyìnbó tì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ya ohun tó jẹ́ ti Krístì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù lásán.

Títúntò náà wá ńkọ́? Ó lọ́ra ju títú lọ, kò sì ní ariwo. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Lúùkù, níbi tó ti sọ fún Tìófílù pé ọ̀pọ̀ ti kọ ìtàn yìí ṣáájú òun, pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ni wọ́n ti gbà á, àti pé òun tọpinpin ohun gbogbo kí òun tó kọ tòun. Lúùkù kò sọ pé ó já bọ́ láti ọ̀run. Mo wá ra ìwé àjákọ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo gbà gbọ́ sínú rẹ̀, mo sì fi dandan lé e pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí i. "Wọ́n ní." "A gbọ́ pé." "Ìwé fi hàn pé." "Mo rí i." "Mo ní ìrètí pé." Yorùbá dára fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí kò sí àgbà tó ń pa "wọ́n ní" àti "mo rí i" pọ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ohun tí mo kọ sábẹ́ "mo rí i" kò pọ̀, ojú ewé kan kò kún. Àjíǹde wà lábẹ́ "a gbọ́ pé" àti "mo ní ìrètí pé", Pọ́ọ̀lù náà sì ní nínú 1 Kọ́ríńtì orí 15 pé ohun tí òun gbà ni òun fi lé wọn lọ́wọ́. Ìwòsàn mi nígbà ibà wà lábẹ́ "mo rí i", pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fún mi ní ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ kan náà.

A kì í dá a ṣe. Ẹni tó bá ń dá tú ilé, òpó á já lé e lórí. Àwa mẹ́rin la jọ ń kà á, ọmọ Àgùdà kan láti Kraké, Sẹ́lẹ́ méjì, àti olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ ti Mẹ́tọ́díìsì. Bí a bá pàdé, Bíbélì Yorùbá ti àtijọ́, Yorùbá Òde Òní, ti Ègùn àti ti Faransé la máa ń tẹ́ sílẹ̀ papọ̀, ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni a máa ń dúró sí. A ní òfin kan: a kì í gbé ohun tí a rí tọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, a kì í sì í gbé e lọ sí orí pẹpẹ. Mo ṣì ń wọ sùtánà mi. Mo ṣì ń bọ́ bàtà.

Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn fún ìyá mi. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bó ti ń múra àdúrà, mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé ìrìn òṣùpá, mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ bò ó kó má baà dùn ún: ọjọ́ 20, ọjọ́ 23, Ìṣẹ́gun, Ẹtì, ìwé àwọn onímọ̀. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán.

Ó ní, "Ṣé òkùnkùn yẹn wá ṣú àbí kò ṣú?"

Mo ní, "Ó ṣú, mọ̀mí."

Ó ní, "Ó dáa. Bá mi tan abẹ́là yẹn."